Gìtá Fàòsíyà Láàárín Òfì Mẹ́rin

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Bélú

Ọyẹ́ ti ń yọjú. Ètè mi gbẹ láti àárọ̀, mo ti fi òrí pa á lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọyẹ́ ni mo jókòó láti kọ.

Aṣọ bàjẹ́ lónìí. Samsudeen ọmọ mi gba iṣẹ́ agbádá méjì lọ́wọ́ Olóyè Ayọ̀délé ti Ìgànná. Ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ jẹ oyè. Nígbà tí wọ́n kó awẹ́, ìyẹn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, tí Samsudeen hun àti awẹ́ tí Jẹ́ẹ́dé hun pọ̀, kí wọ́n rán wọn mọ́ra, ọnà ara wọn kò bára mu. Èyí ga, èyí rẹlẹ̀, bí eyín ọmọ ọdún méje. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n. Jẹ́ẹ́dé ti ń hunṣọ kí n tó bí Samsudeen, òun ló sì la ẹnu nígbẹ̀yìn.

Ó ní, "Samsudeen, má wá ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́nà jíjìn. Gìtá ni. Bí ọmọ rẹ bá ń ta á kíákíá, ẹsẹ̀ mi á máa bá a sáré lórí ìtẹsẹ̀. Bó bá rọra ń ta á, èmi náà á máa fà. O rò pé èmi ni mo hun awẹ́ yìí? Fàòsíyà ló hun ún."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Samsudeen nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó yọ wáyà sípíkà, ó ká a sọ́wọ́. Ó ní gìtá kò gbọdọ̀ dún mọ́ nínú ilé yìí títí agbádá Olóyè yóò fi jáde.

Fàòsíyà ọmọ ọmọ mi yíjú sí mi. Ó wò mí ni. Mo sì mọ ohun tó ń wò mí fún. Ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní Ìbàdàn fẹ́ mú ọ̀dọ́ méjìlá tí wọn yóò kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan. Orin mẹ́ta ni kí olúkúlùkù gbà sílẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ kí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí tó kọjá. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, ariwo kankan kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ogún ọdún, wọn kì í gbà á. Fàòsíyà pé ogún ọdún nígbà iléyá. Ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ló kù fún un.

Bí mo bá gbè sẹ́yìn ọmọ, aṣọ bàjẹ́. Bí mo bá gbè sẹ́yìn aṣọ, ọmọ bàjẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n orí méjì ló wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lónìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Gìtá oníná ni gìtá yìí. Láìsí sípíkà, kò sàn ju igi tí wọ́n so wáyà mọ́ lọ. Fàòsíyà gbé gìtá àti sípíkà oníbátìrì kan tó yá lọ sábẹ́ igi igbá tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, kó lè gba orin sílẹ̀ níbẹ̀. Ó padà wálé pẹ̀lú ìyẹ̀pẹ̀ lójú. Ó jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó gbà. Ọ̀kadà mẹ́ta kọjá nínú rẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, ewúrẹ́ kan sì ń ké títí. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ mú ewúrẹ́ ní Ìbàdàn, a ti rí èyí tí wọn ó mú. Ó kọ́kọ́ bínú, ó wá rẹ́rìn-ín.

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún Tíṣà Ládòkun ní kíláàsì wa ní ìrọ̀lẹ́. Òun ló ń kọ́ àwa àgbà ní kíkọ àti kíkà, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ tí kò le ni. Ó ní ámpù kékeré kan wà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tí kò ju ọwọ́ lọ. Ẹ ó ki gìtá bọ̀ ọ́ níhìn-ín, ẹ ó ki hẹ́ẹ̀dìfóònù bọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń ta gìtá nìkan ni yóò máa gbọ́ ọ. Òmíràn tiẹ̀ wà tí ó ń gbé ohùn gìtá lọ tààrà sínú fóònù, ariwo ìta kò ní rí ọ̀nà wọlé.

Mo ní, "Tíṣà, ṣé òfì mẹ́rin ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní wọlé?"

Ó ní, "Màmá, bí òfì ogójì bá ń dún."

Mi ò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mo fi inú dídùn padà wálé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án, Ṣakí

Èmi àti Fàòsíyà wọ mọ́tò aago méje lọ ra ámpù. Ó ti gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn, ó gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù rẹ̀ kọ́ ọrùn, èyí tí èmi ń pè ní ìbòtí, nítorí pé ó bo etí pátápátá bí ìdérí ìkòkò. Mùstàfá àbúrò bàbá rẹ̀ ló kó méjèèjì wá fún un láti Kútọnu. Mo ní kó dá gbogbo rẹ̀ padà sínú yàrá.

"Ìyá Àgbà, kí ni a ó wá fi dán ámpù wò?"

"Ta ló ń gbé ebi rẹ̀ dání lọ sọ́jà? Bí ọlọ́jà bá ti rí i pé ojú ń pọ́n ọ, ó tán. A ó wọlé bí ẹni tó kàn yà ni."

Ogójì ọdún ni mo fi ta aṣọ òfì láti Ìsẹ́yìn dé Ìlọrin. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ mi ní ọjà.

Ìsọ̀ Ràsáàkì, tó ń ta ẹ̀rọ orin, kò jìnnà sí gáréèjì. Ẹnubodè ni ọjà rẹ̀ ń gbà wọlé. Ọ̀dọ́kùnrin tó níwà ni. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó bi wá léèrè irú ìbòtí tí a ní, ṣé ńlá ni àbí kékeré.

Mo ní, "Èyí tí gbogbo ayé ń lò ni."

"Gìtá yín ńkọ́, Màmá?"

"À ń wo ọjà ni, jàre. Bóyá a ò tiẹ̀ ní rà."

Fàòsíyà ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo fa ẹsẹ̀ mi kúrò. Ràsáàkì gbé ámpù kan wá tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó ki ámpù náà bọ ẹnu gìtá ìsọ̀ rẹ̀, ó ki ẹ́ẹ̀píìsì wẹ́wẹ́ kan sí mi létí, ó tẹ okùn gìtá kan. Mo fò sókè! Ó dún bí ẹni pé wọ́n ń pè mí láti inú orí ara mi. Mo ní ẹ̀rọ burúkú ni, kó dá owó rẹ̀ lé e. A ná an títí. Mo dìde lẹ́ẹ̀mejì, mo dé ẹnu ọ̀nà, ó pè mí padà. Ìdajì iye tó kọ́kọ́ pè ni mo san.

Nínú mọ́tò, mo sọ fún Fàòsíyà pé ibi tí àgbà jókòó sí rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Ó kàn ń wo ojú fèrèsé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ẹ̀rọ kò dún. Rárá o, ó dún, ṣùgbọ́n bí ẹ̀fọn tó há sínú kèrègbè. Nínú ẹ́ẹ̀píìsì wẹ́wẹ́, ó ń pariwo. Agbára rẹ̀ kò gbé ìbòtí ńlá tiwa. Fàòsíyà gbìyànjú láti fi ẹ́ẹ̀píìsì wẹ́wẹ́ ta á, ṣùgbọ́n ariwo òfì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó ń fi ohùn kún un, ó ń fi kún un, nígbà tó máa fi yọ ọ́, etí rẹ̀ ń hó. Mo ní kó má tún dán irú rẹ̀ wò mọ́. Etí kì í hù bí irun.

Samsudeen kọjá pẹ̀lú òwú lọ́rùn. Ó ní, "Màámi, mo gbọ́ pé ẹ̀rọ yín yadi."

Jẹ́ẹ́dé dáhùn láti ìdí òfì: "Kò yadi, ojú ló ń tì í. Ó rí ìyá tó ná an dé ìdajì."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mi ò lọ sí kíláàsì. Ojú Tíṣà ń tì mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Fàòsíyà wá jókòó tì mí níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ń bá mi ṣà á.

"Ìyá Àgbà, bí ẹ bá fẹ́ ra òwú tí yóò bá aṣọ kan mu, kí lẹ máa ń mú lọ sọ́jà?"

"Ègé aṣọ náà ni. Ojú lásán kò lè rántí àwọ̀."

Ó tún bu ẹ̀wà sọ́wọ́. Ó ń ṣà á lọ. Ẹ̀wà bíi mẹ́wàá bọ́ sínú abọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Mo ju abọ́ sílẹ̀, mo kígbe, "Yéè! Èmi Àwáwù!" Ọgbọ́n ọjà ni mo lò níbi tó jẹ́ ọgbọ́n iṣẹ́ ló yẹ kí n lò. Mo fi ebi pamọ́ fún olóúnjẹ.

Ọmọ náà lè bú mi, kò bú mi. Ó lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé èmi ni mo ní kí a má gbé gìtá lọ, kò sọ. Mo kọ ọ́ síhìn-ín kí n má baà gbàgbé.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún, Ṣakí

A gbé gìtá. A gbé ìbòtí. A gbé fóònù. Ṣájà pàápàá, a gbé e. Erùpẹ̀ ọ̀nà bò wá bí ẹni pé a sùn sórí rẹ̀, nítorí pé mọ́tò tí a wọ̀ kò ní gíláàsì lápá kan.

Ràsáàkì rí wa láti òkèèrè. "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ kàn yà!"

Mo ní, "Ọmọ mi, má pa mí lẹ́rìn-ín. A wá tọrọ àforíjì."

Ó gba ìbòtí wò, ó mi orí. "Màmá, odó ńlá lẹ ní, ẹ wá fi ọmọ odó ata gún un. Irú ìbòtí yìí fẹ́ agbára. Ká ní ẹ gbé e wá ni, mi ò ní ta ti kékeré yẹn fún yín bí ẹ tiẹ̀ bẹ̀ mí."

Ó gba èyí tí a rà padà, pé a ó kàn fi owó díẹ̀ kún un. Ó to ámpù mẹ́ta síwájú wa. Ti àkọ́kọ́ wúwo bí bíríkì. Lójú ẹsẹ̀ ni ọkàn mi fà sí i, nítorí pé aṣọ òfì tó bá wúwo lọ́wọ́ ló máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n iná ló ń lò ní gbogbo ìgbà, ẹnu pílọ́ọ̀gì rẹ̀ sì rí róbótó bíi tàwọn ará Kútọnu, kò ní wọ ti ilé wa. Èkejì fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ó ní bátìrì nínú, ó ní ihò méjì tí ènìyàn méjì lè fi gbọ́ ọ, ó sì ní ibi tí wáyà ti ń lọ sínú fóònù. Ẹ̀kẹta rẹwà ju gbogbo wọn lọ, iná aláràbarà ń tàn lára rẹ̀.

Fàòsíyà ta gìtá lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lágbára tó ìbòtí wa. Ó wò mí, kò mọ èyí tí yóò mú.

Mo ní, "Gbé ìbòtí wá. Ìwọ má ta nǹkan kan. Gbé ọwọ́ kúrò lára gìtá pátápátá."

Ràsáàkì ní, "Màmá, kí lẹ wá fẹ́ gbọ́?"

"Ọmọ mi, níbi tí ọnà bá wà lára aṣọ, ojú lè tan ènìyàn. Ibi pẹlẹbẹ tí kò sí ọnà ni a ti í mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n hun."

Mo gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí kò sí ẹni tó ń ta nǹkan kan. Bíríkì ń ṣe ṣììì bí òróró tó fẹ́ gbóná. Aláràbarà ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ó tún ń ṣe tí-tí-tí lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ti àárín dákẹ́. Ó dákẹ́ bí mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Súbùhì. Mo yọ ìbòtí, mo fún Fàòsíyà, òun náà gbọ́ ọ, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́.

Ràsáàkì ní òun yóò máa fi ọgbọ́n náà dán ọjà wò láti òní lọ. Mo ní kó máa rántí orúkọ mi níbẹ̀.

Mi ò ná ọjà náà púpọ̀. Ìtìjú kò jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Fàòsíyà jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òfì mẹ́rin ń dún níwájú rẹ̀, ó ń ta gìtá, a kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìka rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Jẹ́ẹ́dé dá ọ̀kọ̀ òwú rẹ̀ dúró lórí òfì.

"Ìyá Samsudeen, ẹ wo ọmọ yín, ó ń họ igi!"

"Máa hunṣọ rẹ, àgbàyà."

"Èmi ò tako o. Ṣé ara ń yún igi náà ni?"

Mo ki ẹ́ẹ̀píìsì bọ ihò kejì, mo gbọ́. Háà! Orin kún inú orí mi, òfì wà ní òkèèrè bí òjò ìlú mìíràn. Samsudeen ń wò wá láti ìdí òfì rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n kó awẹ́ mẹ́rin pọ̀, ọnà wọn bára mu. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Ó wá dá wáyà sípíkà tó ká sọ́wọ́ níjọ́sí padà fún Fàòsíyà, pé kó fi pamọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ ogún

Wọ́n mú iná wá láti aago mẹ́wàá! Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ti rí i kẹ́yìn. Gbogbo ilé ń sá kiri pẹ̀lú ṣájà. Misturat, ìyàwó Samsudeen, ń lọ aṣọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Fàòsíyà ki ámpù bọná, ó ki fóònù bọná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin kìn-ín-ní sílẹ̀. A ti ń sún mọ́ ọn.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

A kò tíì sún mọ́ nǹkan kan. Nínú gbogbo ohun tó gbà, nǹkan kan ń kùn lábẹ́ orin, hùùùn, bí oyin tó wọ inú ògiri. Òfì kọ́. Òfì kò wọlé rárá, Tíṣà kò purọ́. Ó gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún lánàá, lẹ́ẹ̀mẹrin lónìí. Ó yí wáyà padà. Ó kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí yàrá. Kíkùn náà ń tẹ̀ lé e.

Ó ní, "Ìyá Àgbà, bóyá ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́."

Mo ní kò bàjẹ́. Mo fi etí ara mi gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní Ṣakí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ó sùn lọ́sàn-án yìí láìjẹun, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ tutù bó ṣe fi nu ojú. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù. Mo gbàdúrà ní Jímọ̀ títí orúnkún mi fi ń dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má fi kún un.

Lẹ́yìn ìrun Àílà, iná wà. Fàòsíyà ń gba orin kejì, èmi ń fi ihò kejì gbọ́. Hùùùn náà wà níbẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lójijì, ó dúró. Bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Orin nìkan ló kù, ó mọ́ bí omi orí àpáta. Mo rò pé etí mi ló lọ. Mo gbé ojú sókè, mo rí i pé fáànù ń rọra dúró. Gbogbo àdúgbò ń ké "Áà! Wọ́n ti mú un lọ!" Misturat ń ṣépè fún wọn pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

Èmi ń pariwo, "Wọ́n ti mú un lọ! Alihamudulilai, wọ́n ti mú un lọ!"

Misturat yọjú. "Màámi, ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní kí Fàòsíyà máa ta á lọ. Ó ta á parí. Nígbà tí iná dé ní aago mẹ́rin, a fi dán an wò. A ki ṣájà bọ̀ ọ́, hùùùn dé. A yọ ọ́, ó lọ. A ki ti fóònù nìkan bọ̀ ọ́, ó dé. A yọ ọ́, ó lọ. Ṣájà ni! Ẹ̀rọ náà ní bátìrì tirẹ̀ nínú, kò fẹ́ iná rárá nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni iná yóò dé nínú ilé yìí, tí nǹkan tó ní ẹnu yóò wà tí a kò ní so mọ́ iná? Ojúkòkòrò iná ló ń kùn sí wa létí fún ọjọ́ mẹ́rin.

Fàòsíyà gbé mi. Ó gbé mi kúrò nílẹ̀, èmi arúgbó. Mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀ kí egungun mi má lọ wọ inú ohun tó ń gbà sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Orin méjì ti mọ́ tónítóní. Ẹ̀kẹta kò fẹ́ gbọ́ràn. Ó yá díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, bó bá sì ti dé àárín, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ti ta á lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Èmi ń gbọ́ pé nǹkan ń ṣe é, mi ò mọ ohun tí mo lè wí. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, mo sọ èyí fún un títí ó fi ní kí n jọ̀ọ́.

Samsudeen sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí òfì láti mu omi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ife lọ́wọ́ rẹ̀, kò mu ún. Ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "O ń sáré."

Fàòsíyà yọ ìbòtí. "Bàbá mi, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan."

"Mi ò gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ ni mò ń wò. Bó bá dé ibì kan, á máa já ara rẹ̀ gbà. Bí mo ṣe ń mọ ọmọ iṣẹ́ tí yóò ba awẹ́ jẹ́ nìyẹn. Aṣọ kì í bàjẹ́ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ló ti í bẹ̀rẹ̀."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Bọ́ bàtà. Ta ló ń wọ bàtà tẹ òfì? Ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ kò lè dúró déédéé."

Ó bọ́ bàtà. Samsudeen dúró tì í, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Nígbà tó dé àárín orin, ó na ọwọ́ kan síwájú, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń dá ẹṣin dúró. Ẹsẹ̀ Fàòsíyà gbọ́. Kò sáré. Ó ta á dé òpin, ó sì jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo bàbá rẹ̀.

Mo na ẹ́ẹ̀píìsì ihò kejì sí Samsudeen pé kó gbọ́ ohun tó tún ṣe. Ó fà sẹ́yìn.

"Rárá, Màámi. Bí mo bá gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi á gbà á lọ sórí òfì. Agbádá Olóyè kò tíì tán." Ó mu omi rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára láti àárọ̀. Orin kìn-ín-ní lọ, ìkejì lọ, ẹ̀kẹta dé ìdajì ó padà. Lẹ́ẹ̀mẹta. Mo jókòó ti ọmọ náà, mò ń ka tẹ̀síbíà, mi ò tiẹ̀ mọ iye tí mo kà. Ní aago márùn-ún kọjá díẹ̀, ó ní, "Ìyá Àgbà, ó ti wọlé." Ó fi hàn mí. Mo kà á fúnra mi lójú fóònù: A ti gba orin mẹ́ta yín.

Mo jẹ iyán lálẹ́ yìí bí ọmọ ogún ọdún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje oṣù Ọ̀pẹ

Agbádá méjèèjì dé Ìgànná lánàá. Awẹ́ kankan kò wọ́. Olóyè ránṣẹ́ pé òun wọ̀ ọ́ lónìí, ó bá òun lára mu, ó sì fi àpò gàrí kan ránṣẹ́ pẹ̀lú owó. Ọyẹ́ mú gan-an. Mo sùn lọ́sàn-án láìrò nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ọ̀pẹ

Wọ́n pe Fàòsíyà láàárọ̀ yìí láti Ìbàdàn. Ìdúró ló dúró dá wọn lóhùn, lẹ́yìn náà ó jókòó, lẹ́yìn náà ó tún dìde. Ó wà nínú àwọn méjìlá. Oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ ni yóò lọ. Obìnrin tó pè é bi í léèrè ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó ti gba orin náà, nítorí pé ohùn rẹ̀ mọ́. Fàòsíyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn ni. Obìnrin náà rò pé ó ń ṣeré.

Ó sáré lọ sí ìdí òfì pẹ̀lú ìbòtí àti ámpù lọ́wọ́. "Bàbá mi, wọ́n mú mi. Ẹ gbọ́ ọ wàyí. Agbádá ti tán."

Samsudeen gba ìbòtí lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò nínú lóde, ó sì dá a padà fún un.

Ó ní, "Lọ gbé sípíkà jáde."

Jẹ́ẹ́dé ní, "Samsudeen, òwú tuntun la ta sórí òfì láàárọ̀ yìí o. Bí awẹ́ bá tún wọ́, mi ò sí níbẹ̀."

"Kúrò lórí òfì nígbà náà. Gbogbo yín, ẹ kúrò lórí òfì."

Ni wọ́n bá kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfì mẹ́rin dákẹ́. Misturat gbé àga jáde fún mi. Fàòsíyà bọ́ bàtà, ó so sípíkà mọ́ gìtá, ó ta orin kẹta fún bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo àdúgbò sì ń gbọ́. Samsudeen jókòó sórí ilẹ̀, ó ti ojú rẹ̀ pa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń bá gìtá lọ, èyí sókè, èyí sódò, bó ṣe máa ń tẹ ìtẹsẹ̀. Kò sí òwú kankan lábẹ́ wọn tó lè bàjẹ́.